Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alága Ìgbìmọ̀ Alábòójútó: Ẹ Má Ṣe Da Téèpù Màmá Nù

Alága tí mo bọ̀wọ̀ fún, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ gbogbo,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá kò gba ìkíni gígùn.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ níṣẹ́ kámẹ́rà fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ìwé kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá téèpù. Ìlà mẹ́rin ló wà nínú ìwé náà. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí kò wúlò mọ́ jáde kí oṣù yìí tó parí, kí wọ́n lọ dà wọ́n sí àkìtàn, torí pé ẹ fẹ́ fi yàrá náà ṣe ọ́fíìsì àwọn tó ń wá ìpolówó. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i. Mo wo fọ́tò náà títí, mo fi ìka fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù kí ó tóbi, bóyá mo ṣì í kà ni. N kò ṣì í kà.

Ọdún 24 ni mo fi gbé kámẹ́rà níléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n yín kí n tó fẹ̀yìn tì. N kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà níbí. Ẹ̀yin tí mo ń kọ̀wé sí mọ ara yín, n kò sì gbàgbé pé owó tí mo gbà níbẹ̀ ni mo fi rán àwọn ọmọ mi níléèwé. N kò ní dárúkọ obìnrin tí mo tìtorí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí náà, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n má dárúkọ òun. “Bá mi gba iṣẹ́ náà sílẹ̀ ná,” ló wí fún mi. Màmá ni gbogbo wa ń pè é níbi iṣẹ́, Màmá náà ni màá máa pè é níbí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé Adó, Ìkéré, Ìjerò tàbí Ọyẹ́ láàárín 1998 sí 2019, tó sì ní tẹlifíṣọ̀n nílé, á ti mọ ẹni tí mò ń wí.

Kí n tó ka ẹ̀sùn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́, torí púpọ̀ nínú yín ni kò tíì dé iléeṣẹ́ náà nígbà tí iná sitúdíò ń tàn sí i lójú.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Màmá ní 31 October 1959, ọjọ́ tí WNTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn, nígbà ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Kò sí tẹlifíṣọ̀n lábúlé wọn. Àǹtí rẹ̀ kan tó ń gbé Ìbàdàn ló wálé Kérésìmesì, tó ròyìn pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Anike Agbaje-Williams ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ yọ nínú àpótí kan, tó sì ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ láti inú ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Màmá á wọ yàrá bàbá rẹ̀ lọ, á ṣí fèrèsé onípákó, á ní kí àwọn ọmọdé ìyókù jókòó sílẹ̀ níta. Fèrèsé náà di tẹlifíṣọ̀n. Á sọ ẹni tó bímọ, á sọ ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù, á sọ iye tí wọ́n ń ta iṣu lọ́jà. Bí ó bá sọ̀rọ̀ tán, á pa fèrèsé dé, kálukú á dìde.

Iṣẹ́ olùkọ́ ló kọ́kọ́ ṣe, n'Ìkọ̀lé. Nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Oǹdó ló wọ iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, l'Ákùúrẹ́, ó ń ka ìkéde, ó ń ṣe ètò ọmọdé. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1 October 1996, ó di ẹrù rẹ̀, ó wálé. Ètò tirẹ̀, ti ọjọ́bọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1998: wákàtí kan, aago mẹ́jọ alẹ́. Ọba jókòó níwájú rẹ̀, agbẹ́gilére jókòó níwájú rẹ̀, nọ́ọ̀sì, babaláwo, pásítọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn obìnrin tó ń ta iyán ní gáréèjì. Bó ṣe bọ̀wọ̀ fún ọba ló bọ̀wọ̀ fún oníyán.

Ohun tí mo rí kọ́ jù lára rẹ̀ ni pé kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àlejò. Bí àlejò bá dákẹ́, òun náà á dákẹ́, á máa wò ó. Àwa tí a wà lẹ́yìn kámẹ́rà á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, a rò pé àkókò ń ṣòfò. Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ tí àlejò fi pamọ́ sínú máa ń jáde. Mo ti bá àwọn atọ́kùn ètò tó pọ̀ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n sọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́ bíi tirẹ̀, n kò tíì rí i.

Ẹ̀sùn mi nìyí.

1. Ẹ pe ohun tó wà nínú yàrá yẹn ní ohun tí kò wúlò mọ́. Ẹ jẹ́ kí n mú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

A lọ sí Ìsàn-Èkìtì lọ́dọ̀ àwọn amọ̀kòkò. Èmi ni mo gbé kámẹ́rà. Màmá bọ́ bàtà, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá arúgbó kan tí amọ̀ ti gbẹ mọ́ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ìyá náà kò lo ẹ̀rọ kankan, ọwọ́ ló fi ń mọ ọ́n, ọwọ́ náà ló fi ń dán an. Màmá bi í pé báwo ló ṣe ń mọ ìkòkò tó ti sán lẹ́yìn tí wọ́n bá sun ún tán. Ìyá náà kò dáhùn. Ó mú ìkòkò kan, ó fi ìka kàn án, ó dún bí agogo. Ó mú òmíràn tí a kò rí ohun tó ṣe é, ó kàn án, ó dún pàkà. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màmá na máíìkì sí ẹnu ìkòkò àkọ́kọ́, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kàn, kí àwọn ará ilé gbọ́.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá náà tún un kàn, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọdé.

Ìyá náà ti di olóògbé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe òkú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá mi kàn, ó ní òun kò ní ohùn ìyá òun níbì kankan, kí n bá òun wá téèpù yẹn. Mo wọ yàrá téèpù. Ó tó wákàtí méjì kí n tó rí kásẹ́ẹ̀tì náà, torí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sọ pé ìpolongo ìbò ni. Mo rí etí ìwé mìíràn tó yọ lábẹ́ rẹ̀. Mo fi èékánná ṣí i díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé Màmá ni, báírò búlúù: “Ìsàn. Amọ̀kòkò. Apá kìíní.”

Mo kì í sínú ẹ̀rọ. Ìpolongo ìbò ni lóòótọ́, fìlà, ariwo àti ìlù láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin orí pèpéle náà dákẹ́, ó ku bíi ìṣẹ́jú àáyá 11 tí wọn kò yàwòrán lé: ọwọ́ ìyá náà, amọ̀ tútù, ẹ̀gbẹ́ kan ojú Màmá. Ibi tí ìkòkò ti dún kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo fi fóònù ya ìṣẹ́jú àáyá 11 náà, mo fi han ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló wò ó níwájú mi. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ní kí n fi ránṣẹ́ sí òun.

Ẹni tó ní kí wọ́n yàwòrán lé e nígbà náà lè sọ pé kò sówó láti ra kásẹ́ẹ̀tì tuntun. Mo mọ̀, mo wà níbẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ Màmá èyí tí a lè pa rẹ́ àti èyí tí kò yẹ kí a fọwọ́ kàn.

2. Èyí tó kù kò tíì kú. Kí n tó fẹ̀yìn tì, mo ka kásẹ́ẹ̀tì ètò rẹ̀ tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn: 63 ni, U-matic àti Betacam, irú kásẹ́ẹ̀tì àwòrán méjì tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń lò tẹ́lẹ̀. Ìkan nínú wọn ni baba àgbàlagbà kan tó sọ ohun tí bàbá rẹ̀ fi ojú rí nínú ogun Kírìjì, èyí tí wọ́n fi àdéhùn parí ní 1886. Ìkan ni àwọn obìnrin tó ń kọ orin àlámọ̀ láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ìkan ni olùkọ́ kan tó ti fọ́jú tó ṣì ń ka orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ láti orí.

Òjò ń wọ yàrá yẹn láti igun òsì. Mo kọ̀wé nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí ọ̀rinrin ń ṣe fún téèpù ni pé àtè tó lẹ ìyẹ̀fun irin mọ́ ara ike á máa fa omi, á máa ki. Bí ẹ bá kì í sínú ẹ̀rọ, á lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ, ibi tó ń ka téèpù, ìyẹ̀fun náà á máa ṣí kúrò, àwòrán á sì bá a lọ. Bí ó bá ti lọ, kò sí ẹni tó lè dá a padà. Ẹ̀rọ tó ń ka U-matic gan-an ti ń tán láyé. Nítorí èyí ni UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi kéde fún gbogbo ayé ní 2019 pé ẹni tó bá ní ohùn àti àwòrán lórí téèpù kí ó tètè máa ṣe àdàkọ rẹ̀, pé bí ó bá fi máa di 2025, ó lè má ṣeé ṣe mọ́ fún ọ̀pọ̀ ibi. Ọdún náà ti dé bá wa. Ẹ̀yin wá ń sọ ti àkìtàn.

Iṣẹ́ náà kò lówó lórí tó bí ẹ ṣe rò. Kásẹ́ẹ̀tì wákàtí kan á gba wákàtí kan láti dà kọ sórí kọ̀ǹpútà, kò ṣeé sáré. Ẹ̀rọ U-matic kan ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn, Betacam kan wà lábẹ́ tábìlì. Orí wọn ló dọ̀tí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń nù ún. Bí a bá ń ṣe méjì lójúmọ́, oṣù méjì kò ní pé kí a tó parí rẹ̀. Mo ti ṣe tán láti ṣe é láìgba kọ́bọ̀.

3. Ẹ lè ní ta ló ń wá eré àtijọ́. BBC náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ètò wọn rẹ́, wọ́n da òmíràn nù, torí wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó máa tún béèrè wọn. Lára ohun tó sọnù ni apá púpọ̀ nínú Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n wọn kan. Ní 2013 ni wọ́n kéde pé wọ́n ti rí mẹ́sàn-án nínú àwọn apá tó sọnù náà. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti rí i? Ní Jos, nílẹ̀ wa níbí, nínú yàrá ìkẹ́rùsí ibùdó tẹlifíṣọ̀n kan. Fíìmù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò tọ́jú, ilẹ̀ wa ló bá wọn tọ́jú rẹ̀ fún ohun tó lé ní 40 ọdún, inú wọn sì dùn débi pé ìròyìn rẹ̀ gba gbogbo ayé kan.

Alága mi, mo ronú sí èyí lóru. A bá ẹni ẹlẹ́ni fi tirẹ̀ pamọ́. Ohùn àwọn ìyá wa nìkan ni a kò ráyè fún.

4. Mo gbọ́ pé ẹnìkan níbi ìpàdé yín sọ pé ọ̀rọ̀ dígítà ló fà á. Ìyípadà sí dígítà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Jos ní April 2016, tí gbèdéke rẹ̀ ti yẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọ̀rọ̀ bí àwòrán ṣe máa gba afẹ́fẹ́ dé ilé ará ìlú ni. Kò sí ibi tí ó ti ní kí ẹnikẹ́ni da ohun tó ti yà tẹ́lẹ̀ nù.

5. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Màmá fi èdè ilé ṣe ètò náà. Ó ń sọ Yorùbá àjùmọ̀lò bí àlejò bá ti ibòmíràn wá, ṣùgbọ́n bí àlejò bá jẹ́ ará ilé, “ulé” ni á pe ilé, “uṣu” ni á pe iṣu, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é. Ọ̀gá kan, tí kò sí níbẹ̀ mọ́, kọ̀wé sí i pé kí ó jáwọ́, pé kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó fi “u” bẹ̀rẹ̀. Nínú Yorùbá ìwé, òótọ́ ni ọ̀gá sọ. Ṣùgbọ́n Èkìtì ni a wà. Ọ̀rọ̀ ń fi “u” bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu àwọn baba wa kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé gírámà kan. Màmá ká ìwé náà sínú báàgì rẹ̀, ó wọ sitúdíò, ó kí àwọn ará ilé bó ṣe máa ń kí wọn. Ó fi ìwé náà hàn mí lẹ́yìn ètò. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rù ń bà á pé wọn á lé òun, ó sì ṣe é.

Àwọn ọmọ ọmọ mi kò lè sọ èdè ilé mọ́. Wọ́n ń gbọ́ ọ díẹ̀. Àwọn téèpù yẹn ni ibi tí mo mọ̀ tí èdè náà ti wà lẹ́nu ẹni 63 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọdé àti àgbà, láti ìlú sí ìlú, bí ti Ìkéré ṣe yàtọ̀ sí ti Ọ̀tùn, tí kò sí ẹni tó ń tún un ṣe mọ́ wọn lẹ́nu.

6. Ọ̀rọ̀ owó. Màá sọ ọ́ ní kúkúrú torí inú ń bí mi. Ọdún 21 ni Màmá fi ṣe ètò náà, káṣúà ni wọ́n fi ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò fún un ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rí. Nítorí náà, kò sí owó ìfẹ̀yìntì. Owó oṣù 14 tó gbẹ̀yìn ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ tí ẹ dá ètò náà dúró, àtẹ̀jíṣẹ́ ni wọ́n fi sọ fún un, lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀, nígbà tó ti wọṣọ tán tó ń dúró de ọkọ̀. Nígbà tí iléeṣẹ́ yín ṣe àjọ̀dún, tí ẹ gbé ìtàn iléeṣẹ́ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ojú rẹ̀ yọ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ẹ kò kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́. Òun àti èmi la jọ wò ó nílé rẹ̀. Ó ní, “Wọ́n lo èyí tí mo ti wọ búbá ọsàn,” ó sì dìde lọ bá wa bu omi.

Ohun tí a ń béèrè nìyí. Mo ní “a” torí pé àwa mọ́kànlá tí a ti bá a ṣiṣẹ́ rí la fẹnu kò lórí rẹ̀.

Ẹ yọ ìwé yẹn kúrò lára ilẹ̀kùn lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má gbé kásẹ́ẹ̀tì kan jáde.

Ẹ fún wa ní àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó kù nínú yàrá náà. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún gbogbo iléeṣẹ́ tó bá ń ná owó ará ìlú ní ọjọ́ méje láti dáhùn irú ìbéèrè yìí, Èkìtì sì ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó sọ òfin náà di tirẹ̀, lọ́dún kan náà. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ níbí ni wọn á ti tẹ̀ ẹ́ lójú.

Ẹ gbà wá láàyè láti ṣe àdàkọ kásẹ́ẹ̀tì 63 náà. Ẹ̀dà kan á wà lọ́dọ̀ yín, ẹ̀dà kan á lọ sí ilé ìkàwé yunifásítì, yálà ti Adó tàbí ti Ọyẹ́, kí ó má baà tún jẹ́ pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn àti àkìtàn. Kí ẹ fún ìdílé gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nínú wọn ní tiwọn bí wọ́n bá béèrè.

Ẹ san owó oṣù 14 náà. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni Màmá. Ó ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù.

Ẹ dá wákàtí kan náà padà sí ọjọ́bọ̀, kí ẹ fi ọ̀dọ́ kan tó gbọ́ èdè ilé sídìí rẹ̀. Màmá ti ní òun á kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, àwa mọ́kànlá náà á dé géètì yín. A ó gbé ọtí tí wọ́n fi ń nu orí ẹ̀rọ dání, a ó gbé aṣọ tí kì í yọ òwú dání, a ó gbé kọ̀ǹpútà kan tí ọmọ mi yá wa. A kò bá ẹnikẹ́ni wá jà. Màmá náà ń bọ̀, èmi ni màá fi ọkọ̀ gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn sẹkúríìtì kí wọ́n ṣí géètì fún un, kí wọ́n sì wá àga sí ẹnu ọ̀nà yàrá téèpù, torí eékún rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè dúró pẹ́ mọ́.

Èmi ni tiyín,
Ayàwòrán kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Adó-Èkìtì.